Ọ̀nà Oko Ni Ilé Kẹ̀kẹ́: Ìwó, Ológeere àti Ìrìn-Àjò sí Orí Òkè

Bí ènìyàn bá dúró sí ẹ̀bá títì ní Ìwó lónìí tí ó ní kẹ̀kẹ́ ni òun ń wá, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọn yóò bá a dá dúró. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá ètò NAPEP sílẹ̀ ní 2001 láti gbógun ti òṣì, tí ó sì ń pín ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún àwọn ènìyàn, ni ọkọ̀ náà ti ń gba orúkọ kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ́wọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ń sọ ti àtijọ́ fi ní láti fi àlàyé kún un: kẹ̀kẹ́ ológeere, bàsíkùlù, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wà. Orúkọ tí ó bá ti ń béèrè àlàyé, ohun tí ń jẹ́ ẹ ti ń kúrò nílẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń ya àgbà lẹ́nu bí ọ̀dọ́ kan bá wo fídíò àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ já wálẹ̀ láti orí òkè ní Kánádà tàbí ní ilẹ̀ Faransé, tí ó wá béèrè bóyá òun àti ẹgbẹ́ òun lè ṣètò irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ láti Ìwó lọ sí àwọn òkè Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Èsì méjì ni irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà: pé eré òyìnbó ni, àti pé ọ̀nà wa kò dára tó. Lójú tèmi, èsì méjèèjì kò tọ̀nà, ìtàn Ìwó àti agbègbè rẹ̀ ni mo sì fẹ́ fi dáhùn. Ìgbà tí ọ̀nà wa jẹ́ erùpẹ̀ àti gbòǹgbò igi ni kẹ̀kẹ́ gbilẹ̀ láàrin wa. Ìgbà tí ọ̀dà dé ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọ̀nà oko ni ilé kẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè, ọ̀nà oko ni kí ó kọ́kọ́ wá.

Inú igbó gan-an ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1885 ni John Kemp Starley ṣe kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì ń yí ti ẹ̀yìn, ní ìlú Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1888 ni John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko ní Belfast, gba ìwé àṣẹ lórí táyà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú. Kò ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà tí kẹ̀kẹ́ fi gba ìgboro Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kan, tí àwọn oníṣòwò sì ń wá rọ́bà káàkiri àgbáyé. Ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti rí i ni igbó ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí igi irẹ́ ti ń sun oje funfun tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí títí di ìgbà yẹn. Ní 1895, rọ́bà tí ó gba èbúté Èkó jáde lé ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn lórí ìwọ̀n. Ènìyàn ya wọ igbó, wọ́n ń kọ irẹ́ lára láìdá a sí, àwọn igi náà kú, kí ọ̀rúndún náà sì tó parí, òwò náà ti wó lulẹ̀. N kò sọ pé gbogbo rọ́bà yẹn ni ó di táyà kẹ̀kẹ́, nítorí wọ́n ń fi rọ́bà ṣe ẹ̀wù òjò àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ebi táyà wà lára ohun tí ó gbówó lé e, ẹni tí ó bá sì ń pe kẹ̀kẹ́ ní ohun àjèjì pátápátá, kí ó rántí pé oje igbó wa ti wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀ kí púpọ̀ nínú wa tó fi ojú kàn án. Orúkọ tí a sọ ọ́ pẹ̀lú tó ohun tí a lè yẹ̀ wò. Nínú ọ̀rọ̀ náà, ológeere, etí Yorùbá ń gbọ́ ìró ohun tí ń yọ̀ geere lọ láìfarakọ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá jáwọ́ nínú wíwà tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń gbé e lọ sísàlẹ̀. Ó jọ pé inú ìdagẹ̀rẹ́ ni àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ ti rí i.

Ìwó kì í ṣe ìlú tí ọ̀nà yà sílẹ̀. Ìkóríta ni. Ọ̀nà Ìbàdàn, ti Ọ̀yọ́, ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti èyí tí ó kọjú sí Ẹdẹ òun Òṣogbo ló ń pàdé ní agbègbè rẹ̀, títí di òní ni ìkóríta ńlá kan ní Ìbàdàn sì ń jẹ́ Ìwó Road, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń wọkọ̀ níbẹ̀ kò dé Ìwó rí. Ní ayé Ọba Mọ́mọ́dù Lámúyè, Olúwòó àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, ẹni tí ó wàjà ní 1906, ẹsẹ̀ ènìyàn àti ẹṣin ni ó mọ àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Àsìkò ìyípadà sì ni àsìkò yẹn. Ojú irin ti dé Ìbàdàn láti 1901, ó gba ilẹ̀ Ìwó kọjá, ó sì wọ Òṣogbo ní 1907. Ní 1906 kan náà ni ọkọ̀ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ọ̀nà tí a ń kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn sábà máa ń dúró síbẹ̀, bí ẹni pé ojú irin àti ọ̀nà mọ́tò nìkan ni ó tún ilẹ̀ Yorùbá ṣe. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí reluwéè kì í wọ oko. Ará Ìwó, bí ti ìlú Yorùbá ńlá gbogbo, ìlú ni ó ń gbé, ọ̀nà jíjìn ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́: oko etílé fún èyí tí à ń lọ tí à ń bọ̀ lójúmọ́, oko ẹgàn fún èyí tí à ń sùn sí lábà. Nínú ìkànìyàn 1952, Ìwó ní nǹkan bí 100,000 ènìyàn, púpọ̀ nínú wọn ni oúnjẹ, kòkó àti ẹyìn wọn sì wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró tí ó gba odò àti àpáta kọjá. Láti ibi tí reluwéè ti ń dúró dé ibi tí kòkó ti ń so, kí ni ó wà níbẹ̀? Orí ènìyàn ni, àti lẹ́yìn náà, kẹ̀kẹ́.

Ibí yìí ni ó yẹ kí a dúró sí pẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí ó wọlé fún wa kì í ṣe kẹ̀kẹ́ eré. Raleigh láti Nottingham, Hercules, BSA, Rudge, Humber, Phillips: irin wọn nípọn, ẹsẹ̀ wọn tóbi, ìjókòó wọn jẹ́ awọ tí spríǹgì wà lábẹ́ rẹ̀, kẹ́ríà ẹ̀yìn wọn sì lè gbé àpò kòkó. Lákọ̀ọ́kọ́, olówó àti akọ̀wé ni ó ń rà á. Tíṣà ní, ajíhìnrere ní, wólé-wólé tí ń yẹ àmù àti ààtàn wò láti abà dé abà ní, àwọn tí ń ra kòkó fún ilé-iṣẹ́ òyìnbó sì gbọ́dọ̀ ní in. Nígbà tí owó kòkó gbéra lẹ́yìn ogun Hitler, ó dé ọwọ́ àgbẹ̀, ẹlẹ́mu àti ọdẹ. Ẹ̀rí pé ó pọ̀ kò ṣòro láti rí: ìjọba ìbílẹ̀ ń gba owó láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ lọ́dọọdún, ìjọba kan kì í sì í yan agbowó sí ohun tí kò sí nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé ṣàkíyèsí ni ibi tí wọ́n ń gùn ún sí. Ojú ọ̀nà tí ó ṣe tóóró bí okùn, tí òjò ti gbẹ́ láàrin, tí gbòǹgbò àti òkúta ta jáde níbẹ̀. Ẹni tí ó fi kẹ̀kẹ́ ru ẹrù gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ sí odò ní láti mọ ìgbà tí yóò dìde kúrò lórí ìjókòó kí ara rẹ̀ sì fì sẹ́yìn, ìgbà tí yóò tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn má baà fà á ṣubú, ìgbà tí ó yẹ kí ó sọ̀ kalẹ̀ kí ó tì í. Gbogbo ohun tí àwọn olùkọ́ kẹ̀kẹ́ orí òkè ń gba owó láti kọ́ ènìyàn lónìí nìyẹn. Ìrìn náà sì ní ètò. Kò sí ẹni tí ń lọ oko ẹgàn láìmú póńpù, pẹ́ẹ̀ṣì, sólúṣọ̀n àti sípánà dání. Ó mọ abà tí atúnkẹ̀kẹ́ṣe wà, ó mọ odò tí kò ṣeé là kọjá ní oṣù kẹsàn-án, ó mọ ilé tí òun yóò sùn bí ilẹ̀ bá ṣú. Bí èyí kì í bá ṣe ìṣètò ìrìn-àjò kẹ̀kẹ́, n kò mọ ohun tí ó tún ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo ilẹ̀ tí wọ́n ní eré náà ti wá. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin, ní ìpínlẹ̀ California, ń ṣa àwọn ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ Schwinn tí wọ́n ti ṣe láti ọdún 1930 sí 1940 jọ, wọ́n ń gbé e gun ẹ̀gbẹ́ òkè Tamalpais, wọ́n sì ń gbà á sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà erùpẹ̀ tí àwọn panápaná ń lò. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ fi díje. Ọ̀nà ìdíje náà kò ju kìlómítà mẹ́ta àbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí irínwó mítà. Bíréèkì tí ń bẹ nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn máa ń gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ á jóná tán, wọ́n á sì ní láti tú u kí wọ́n fi tuntun dì í. Repack ni wọ́n fi èyí sọ ọ̀nà náà lórúkọ. Ní 1977, ọ̀kan nínú wọn, Joe Breeze, fi irin tuntun ṣe kẹ̀kẹ́ tí ó dá yàtọ̀ fún iṣẹ́ náà. Ní 1990, ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ wáyé ní Durango. Ní 1996, kẹ̀kẹ́ orí òkè wọ Òlíḿpíìkì ní Atlanta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti pápá ni, kì í ṣe ti já-wálẹ̀. Láti 1999 ni Whistler ní Kánádà sì ti ní pápá tí ìjókòó orí okùn ń gbé ènìyàn àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gòkè kí ó lè máa já wálẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Bí a bá ká gbogbo owó àti ẹ̀rọ òde òní kúrò, kí ni ó kù? Kẹ̀kẹ́ irin wúwo tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, lójú ọ̀nà erùpẹ̀ tí mọ́tò kò fi bẹ́ẹ̀ ń gbà. Àgbẹ̀ Ìwó ti wà nídìí rẹ̀ kí àwọn ọmọ Marin tó dé. N kò sọ pé òun ni ó dá eré náà sílẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni, àwọn ń ṣeré, ìyàtọ̀ yẹn sì tóbi. Ohun tí mo ń sọ ni pé ara àti ọgbọ́n tí eré náà ń béèrè kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa.

Àtakò kan wà tí ó lágbára, n kò sì fẹ́ fò ó. Wọn yóò ní ọ̀kadà ni ó pa kẹ̀kẹ́, kì í ṣe ọ̀dà. Òótọ́ ni pé alùpùpù ilẹ̀ Japan pọ̀ jaburata nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé ní àwọn ọdún 1970, òótọ́ sì ni pé lẹ́yìn tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, tí iṣẹ́ wọ́n tí ọkọ̀ tuntun sì gbówó lórí, alùpùpù di ọkọ̀ èrò, wọ́n sì fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan pè é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé bí ọ̀rọ̀ náà ti rìn. Kí ọ̀kadà tó dé, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ti ń sá fún títì. Ọ̀nà erùpẹ̀ kì í jẹ́ kí mọ́tò sáré. Ọ̀dà tú u sílẹ̀. A kò sì la ọ̀nà kankan sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, mọ́tò nìkan ni wọ́n rò mọ́ ọn. Láti ìgbà yẹn, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tí ó bá wọ títì, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi ń wewu. Ọ̀kadà wá bá kẹ̀kẹ́ lórí àìsàn, ó sì gba ọ̀nà oko tí ó kù fún un. Ẹ̀rí tí ó tì mí lẹ́yìn ni Rùwáńdà, orílẹ̀-èdè òkè, níbi tí alùpùpù èrò pọ̀ bí ti wa. Kẹ̀kẹ́ kò kú níbẹ̀. Wọ́n ń fi ru ànàmọ́ òun ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń fi igi gbẹ́ ẹ, àwọn kan sì ń fi díje, títí ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé ti ojú títì fi wáyé ní Kigali ní oṣù kẹsàn-án 2025, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà.

Ẹlòmíràn yóò mẹ́nu kan Àjàlá. Ọlábísí Àjàlá ni mo ń wí, ẹni tí Ebenezer Obey fi orin sọ di òwe lẹ́nu wa. Ní 1952, nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Chicago, ó gun kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀ dé Los Angeles nínú aṣọ ìbílẹ̀ wa, ìrìn tí ó lé ní 2,000 máìlì, ó sì ń dúró lójú ọ̀nà láti bá àwọn ará Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ nípa Áfíríkà. Ọ̀dà ni ó gbà, kì í ṣe ọ̀nà oko. Ǹjẹ́ èyí kò ba àlàyé mi jẹ́? Ó dín in kù díẹ̀, mo gbà. Ó fi hàn pé ọ̀dà kì í pa kẹ̀kẹ́ níbi tí àyè bá wà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Àjàlá fúnra rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà. Nígbà tí ó fẹ́ yí ayé ká, alùpùpù Vespa ni ó gùn, òun ni ó sì fi rin ìrìn tí ó kọ sínú ìwé rẹ̀, An African Abroad, ní 1963. Lórí títì gígùn, ohun tí ń mu epo ni yóò máa borí ẹsẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń borí ni ibi tí epo kò wúlò. Ohun tí ó yẹ kí olùṣètò ìrìn-àjò kọ́ lára Àjàlá ni pé ó fi ènìyàn sínú ètò rẹ̀: kò kàn gba ìlú kọjá, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Níbo wá ni àwọn òkè náà wà? Ilẹ̀ Ìwó tẹ́jú, àpáta díẹ̀díẹ̀ ni ó yọ orí. Ẹni tí ó ń wá ìdagẹ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ kọjú sí ìlà oòrùn. Ìtàn ti la ọ̀nà náà sílẹ̀: Ìwó sí Ẹdẹ, Ẹdẹ sí Òṣogbo, kí ó gba Ìràgbìjí bọ́ sí Ìgbájọ, kí ó kọjá Ìmẹ̀sí-Ilé àti Òkè-Mẹ̀sí lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà níbi tí omi Olúmirìn ti ń ya lulẹ̀. Láàrin àwọn òkè wọ̀nyẹn ni ogun Kírìjì ti jà láti 1877, tí Ìbàdàn dojú kọ Èkìtì Parapọ̀, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886. Ìró ìbọn tí ń dún padà láti ẹ̀gbẹ́ òkè ni ó fún ogun náà lórúkọ. Ọmọ ogun, alágbàrù àti olóúnjẹ tẹ ọ̀nà sí ara àwọn òkè náà, àgbẹ̀ àti ọdẹ kò sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dí. Pápá kẹ̀kẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fún lórúkọ ni, àyàfi pé kò sí okùn tí yóò fa ènìyàn gòkè. Ẹsẹ̀ ni, tàbí kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì kó kẹ̀kẹ́ dé Ẹ̀fọ̀n kí wọ́n sì já wálẹ̀ láti ibẹ̀.

Àwọn tí ó ní ewu wà nínú igbó kò purọ́, ọ̀ràn ajínigbé kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi ẹnu fẹ́rẹ́ gbé. Ìdí kan nìyẹn tí àwọn gómìnà ìwọ̀ oòrùn gúúsù fi dá ikọ̀ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020. Ṣùgbọ́n ewu náà kò sọ pé kí a jókòó; ó sọ pé kí a ṣètò bí àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ti ń ṣètò, kí ọba àti baálẹ̀ ìlú gbọ́ kí a tó dé, kí ọdẹ ìlú ṣáájú, kí a má dá rìn, kí ilẹ̀ má sì ṣú bá wa lọ́nà. Ibi tí ó jẹ́ ojúbọ, kí kẹ̀kẹ́ má wọ̀ ọ́. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, kì í ṣe ibi eré, kò sì sí ọ̀dọ́ tí ó ní làákàyè tí yóò fi táyà tẹ̀ ẹ́. Ti àsìkò náà kò ṣòro: láti oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí ilẹ̀ sì ti le, títí di oṣù kejì.

Àwọn tí ó mọ àwọn ọ̀nà oko wọ̀nyí ti ń dàgbà. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe tí ó mọ bí a ti ń tọ́ sípóòkù kò pọ̀ mọ́ ní Ìwó, ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò gbà fún ọdún mẹ́ta, igbó ti gbà á nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fídíò Whistler ránṣẹ́ sí ara yín, kí ẹ tó máa dá owó kẹ̀kẹ́ òkè òkun jọ, ẹ lọ bá àwọn bàbá àgbà tí wọ́n fi Raleigh ru kòkó láti oko ẹgàn wá sí ìlú. Ẹ jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé àti gègé, kí ẹ sì kọ orúkọ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, odò kọ̀ọ̀kan àti abà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dún yìí, kí òjò tó tún dé.